"Gbèsè Ò Ní Jẹ Ṣọ́ọ̀bù Ọkọ Mi"

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí ò bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣàánú òun. Ohun tó sọ fún mi ni pé: "Sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó jókòó kó ṣe é dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́gbọ́n, kó sún mọ́ iwájú."

Nítorí náà, ẹ sún mọ́ iwájú.

Iṣẹ́ eyín ló ń ṣe. Kì í ṣe dókítà o. Yàrá ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, níbi tí àwọn dókítà eyín ń fi ẹ̀dà ẹnu àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí. Òun ló máa fi sìmẹ́ǹtì funfun àti ìda mọ eyín tuntun, á lọ̀ ọ́, á dán an, títí eyín tí wọ́n fọwọ́ ṣe á fi jọ èyí tí wọ́n bí mọ́ni. Àǹtí Eléyín ni tilé-toko ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe lábẹ́ ọ̀gá kan tí kò jù ú lọ, tó sì máa ń pè é ní "ọmọ yìí" lójú oníbàárà. Ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n funfun!

Tọkọtaya yìí ní àdéhùn kan. Owó tó bá ṣẹ́ kù lóṣooṣù, wọ́n á máa pa á mọ́ títí yóò fi tó gba ṣọ́ọ̀bù fún ọkọ, kó lè dá dúró. Orúkọ ìyàwó ni wọ́n fi ń pa á mọ́ sí báńkì, torí ọkọ ní, "Tó bá wà lọ́wọ́ mi, irinṣẹ́ ni màá fi rà tán."

Ẹ fi owó ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan láti báńkì wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, ó ń gbé ẹsẹ̀ fò eruku eyín.

"Ẹ káàárọ̀, màá. Irú ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù déédéé yìí, ó yẹ kí ẹ ní káàdì àwìn."

"Mo ní káàdì."

"Èyí tí ẹ ní, owó yín ló ń ná. Èyí, owó wa ló máa ná."

"Owó yín? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i, màá."

Ó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ níbí, torí ẹni tí kò mọ bí pańpẹ́ ṣe ń mú ẹsẹ̀, kò ní mọ bó ṣe máa yọ ọ́. Tí ẹ bá fi káàdì àwìn ra ọjà, báńkì ló sanwó fún ọlọ́jà. Lópin oṣù, báńkì á ní kí ẹ dá owó òun padà. Tí ẹ bá san gbogbo rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún kọ owó kékeré kan sí ìsàlẹ̀, pé tí ẹ ò bá rí gbogbo rẹ̀ san, ẹ san ìyẹn nìkan. Ẹ máa rò pé àánú ni. Rárá o. Ohun tó kù ni wọ́n á gbé èlé lé, tó bá sì di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n á gbé èlé lé èlé. Àǹtí Eléyín sọ owó kékeré yẹn ní "má-pariwo". Èèyàn ń san án kí báńkì má baà pariwo ni; gbèsè jókòó síbi tó wà, ó ń sanra.

Awò ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi káàdì náà rà. Ta ló máa bá a wí fún ìyẹn?

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wá gbọ́. Gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ibi tó dé tí wọn ò ní mọ̀ pé ó dé. Bàbá wọn ti kú tipẹ́, Àǹtí Eléyín tó jẹ́ àkọ́bí ló sì tọ́ ọ dàgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Bàtà tí mo máa wọ̀ lọ wáṣẹ́ ni."

"Èló ni?"

"Kò tó nǹkan."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: kò tó nǹkan. Òun ló gbé bàtà wọlé. Òun ló gbé fóònù tuntun tẹ̀ lé e, òun ló gbé kóòtù, òun ló gbé owó ilé ọdún kan. Nígbà tó yá, Gbajúmọ̀ ní òun ò fẹ́ máa yọ ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu mọ́, kí báńkì kúkú ṣe ẹ̀dà káàdì náà kan fún òun. Wọ́n ṣe é. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wà lórí gbèsè, ọwọ́ àbúrò wà lórí káàdì.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ̀. Ó ní, "Nígbà tí gbogbo ilé bá ń kí ọ ní àkọ́bí olóore, ṣé ìwọ lo máa ní kí wọ́n dákẹ́?"

Káàdì kìíní kún. Ilé ìtajà ńlá kan fún un ní ìkejì. Báńkì mìíràn fún un ní ìkẹta. Àwọn àgbà ní bí a bá jẹ ogún tí a ò san án, a bẹ́gi dí ọgbọ̀n. Obìnrin yìí bẹ́gi títí, kò rí ọ̀nà tó máa gbà jáde nínú igbó. Ó ń fi ìkejì san má-pariwo ti ìkíní, ó ń fi ìkẹta san ti ìkejì. Nígbà tí ìyẹn ò tún tó mọ́, ó na ọwọ́ sí owó ṣọ́ọ̀bù.

"Màá dá a padà lóṣù tó ń bọ̀," ló sọ fún ara rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó kọjá, kò bá owó nílé.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ sáré wọlé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ìyàwó mi, mo ti rí i! Igun ọ̀nà ni. Ilẹ̀kùn onírin tó ń ká sókè ló ní. Onílé ní kí n mú owó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tó, àbí?"

Abọ́ ló ń fọ̀. Kò yíjú padà.

"Ó tó," ló wí.

Kí ló rò? Ó rò pé àyè díẹ̀ ṣì wà lórí káàdì kẹta. Tó bá di Mọ́ńdè, òun á fi yọ owó, òun á fi dí ihò tí òun gbẹ́, ọkọ ò ní mọ̀. Ẹ gbọ́ o: ó fẹ́ fi gbèsè dí ihò tí gbèsè gbẹ́!

Ṣùgbọ́n Sátidé ló ṣáájú Mọ́ńdè.

Gbajúmọ̀ fẹ́ gbéyàwó. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti ìyá àfẹ́sọ́nà ń lọ ra bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá àwọn débẹ̀. Ọkọ Àǹtí Eléyín yá ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀gá rẹ̀ láti fi bá wọn kó ẹrù. Ìyá àfẹ́sọ́nà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tó tóbi jù, ó fi ìdí gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dára.

"Màmá, ẹ má wo iye rẹ̀ rárá," Gbajúmọ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n mi wà níbí. Báńkì ló dúró yìí, ó kàn wọ síkẹ́ẹ̀tì ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gbajúmọ̀ fa káàdì tirẹ̀ yọ, ó jù ú sórí káńtà bí ẹni ń ju káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́.

Akọ̀wé owó fà á. Ẹ̀rọ dún.

"Ó kọ̀ ọ́, sà."

"Tún un fà. Ọwọ́ rẹ ló tutù."

"Ó tún kọ̀ ọ́, sà. Ó ti kún."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú tiyín wá jàre, kí wọ́n má fi àkókò wa ṣòfò."

Ó mú ìkejì jáde. Ó kún. Ó mú ìkẹta jáde. Ọmọbìnrin tó wà nídìí owó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìtajà náà ń dún padà bí inú àgbá.

"Màá, owó ọjà yìí ju àyè tó kù lórí èyí náà lọ. Ṣé ẹ ní ìkẹrin?"

Ìyá àfẹ́sọ́nà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ na ibi tó jókòó sí, ó tò ó padà dáadáa.

"Kò burú," ló wí. "Àwa rò pé ẹ ti múra sílẹ̀ ni."

Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ dúró sí, okùn tó fẹ́ fi di ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ní káàdì àwìn kan, áńbọ̀sìbọ́sí mẹ́ta.

Ibi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ni ọkọ ti bi í.

"Owó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ó ti dín."

"Ó ku èló?"

"Ìdajì."

Iná ti yí sí àwọ̀ ewé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Kò wa ọkọ̀.

"O mọ ohun tí ọ̀gá mi máa ń pè mí," ló wí. "O mọ̀ ọ́n, o sì ń ná owó ṣọ́ọ̀bù."

Àǹtí Eléyín sọ fún mi pé ká ní ó gbá òun létí ni, ìyẹn ì bá rọrùn ju gbólóhùn yẹn lọ.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló ti yí padà o. Ojú tì í lásán ni. Ìtìjú kì í san gbèsè. Ìtìjú gan-an ló ń dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni orí rẹ̀ tó gbóná.

Ọkọ ti jáde lọ dá ọkọ̀ akẹ́rù padà nígbà tí ìyá rẹ̀ àti Gbajúmọ̀ wọlé. Ìyá ò jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Àkọ́bí mi, o fi wá ṣẹ̀sín. Àwọn àna ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé owó kan ṣì wà nílẹ̀."

"Owó wo, Màmá?"

"Èyí tí ẹ̀ ń kó jọ. Fi ra bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ yìí, kí ẹnu àwọn èèyàn lè padé. Ọkọ rẹ ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ tipẹ́. Ọdún kan sí i ò ní pa á."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó nasẹ̀ sórí àga, tó ń fi fóònù tí òun ń san èlé lé lórí ṣeré.

"Màmá, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tún un sọ," ló wí, ó sì kúnlẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Gbèsè yìí ti jẹ ìdajì ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Kò ní jẹ èyí tó kù. Ìwọ, mú káàdì yẹn wá."

"Káàdì wo?" Gbajúmọ̀ wí.

"Èyí tó wà nínú àpò ìdí rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú àna ni?"

"Ẹni yẹ̀yẹ́ ni mí látàná. Kò dùn, ṣùgbọ́n mi ò kú. Wá bá mi jókòó níbẹ̀, àyè wà."

"Màmá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀!"

"Màmá ò ní sọ nǹkan kan. Tí Màmá bá nílò oògùn, màá rà á. Tí awò wọn bá fọ́, màá tún un ṣe, owó ọwọ́ mi ni màá sì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó, tí ó ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ra ibi tí yóò sùn fún un! Ṣé èmi ni mo fẹ́ bá a sùn níbẹ̀ ni?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé inú ń bí òun. Gbajúmọ̀ ju káàdì sílẹ̀, ó sì jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ti dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọkọ wọlé, ó kí ìyá, ó sì lọ gbé omi wá fún wọn.

Àǹtí Eléyín fẹ́ fi àlùmọ́gàjí gé àwọn káàdì náà. Àlùmọ́gàjí ilé ti kújú, ó kàn ń tẹ̀ wọ́n ni. Ló bá kó wọn lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, ó tan ẹ̀rọ tó fi ń lọ eyín, ó sì lọ̀ wọ́n lúúlúú, ti àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ yọ orí láti yàrá kejì. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Gbèsè ni, sà."

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣìnà: káàdì tó di eruku ò sọ gbèsè di eruku. Ohun tó jẹ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò ní lè fi ra ọjà kún un mọ́. Báwo ló ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án?

Títí di ìgbà yẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń já fún káàdì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín àkàrà fún ọmọ mẹ́ta kí wọ́n má jà. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti rí àṣìṣe náà. Eyín bàbá arúgbó kan padà wá lọ́sẹ̀ yẹn: bàbá ní ó ń dun òun tí òun bá pa ẹnu dé. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ á máa lọ gbogbo eyín díẹ̀díẹ̀. Ó lè lọ̀ ọ́ títí eyín á fi tán, ìrora ò ní lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi bébà aláró sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, á sì pa wọ́n dé. Eyín tó bá ń kọ́kọ́ kan èkejì rẹ̀ ni aró máa lẹ̀ mọ́ lára. Ìyẹn nìkan ni wọ́n máa lọ̀.

Ó di bébà náà mú. Ó ní, "Yéè! Eyín gbogbo ni mo ń lọ̀."

Ó kó ìwé gbèsè tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ránṣẹ́ sílẹ̀. Kò wo èyí tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù. Ó wo èyí tí èlé rẹ̀ wúwo jù lórí owó kan náà. Ti ilé ìtajà ni, ìkejì, tí kò tilẹ̀ tóbi tó ìkíní. Òun ni eyín tó ń kọ́kọ́ kan èkejì rẹ̀. Láti oṣù yẹn, ó ń san má-pariwo fún àwọn méjì tó kù, gbogbo ohun mìíràn tó bá rí ń lọ sórí ti ilé ìtajà. Ó gba iṣẹ́ eyín sí i láti ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn. Ó pe báńkì kìíní.

"Mo fẹ́ kí ẹ dín èlé mi kù."

"Màá, a kì í ṣe irú ẹ̀."

"Ẹ máa ń ṣe é. Ẹ fún mi ní ọ̀gá yín."

"Ọ̀gá wa ò sí nítòsí."

"Màá dúró. Orí ìjókòó ni mo wà."

Wọ́n dín in kù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dín. Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè; ohun tó burú jù tí wọ́n lè sọ ni rárá, rárá kì í sì í gba èlé.

Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Kò tíì dárí jì í tán, kò sì díbọ́n pé òun ti dárí jì í. Lọ́jọ́ kan ló sún àga mọ́ ọn.

"Kí ló dé tí a ò kúkú fi ìdajì tó kù san gbèsè yìí, ká sinmi? Èlé wọn ju èlé tí báńkì ń fún wa lọ."

"Rárá."

"Ìṣirò ni mò ń bá ọ ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣe ìṣirò. Èmi ni mo jẹ ẹ́, owó iṣẹ́ ọwọ́ mi ló máa san án. Ẹ mú ìdajì yẹn, ẹ lọ fi gba ṣọ́ọ̀bù."

"Ìdajì owó ò lè gba ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù."

Ẹni tó mọ ìṣirò nínú yín máa sọ pé ọkọ ló jàre. Ó jàre. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Tí mo bá kó owó yẹn fún báńkì, ọkọ mi á jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á lọ jẹ́ 'ọmọ yìí'. Ta ló ṣírò ìyẹn?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìdajì ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ilé ìtajà bẹ́ẹ̀dì. Igun ọ̀nà ti bọ́, ẹlòmíràn ti gbà á. Ṣùgbọ́n ó rí oníbàtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi jù fún un. Wọ́n fi pákó là á sí méjì: bàtà lápá ọ̀tún, fíríìjì lápá òsì, ẹnu ọ̀nà kan. Nígbà tó lọ dágbére fún ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn ní, "O máa padà wá." Ọkọ Àǹtí Eléyín gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Gbajúmọ̀ gbéyàwó. Orí ìtẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sùn, nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá ní kí Àǹtí Eléyín lọ bẹ̀ ẹ́, kí ilé lè tòrò.

"Màmá, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín," ó dáhùn. "Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ torí pé mo ṣíwọ́ níná owó tí mi ò ní. Ilẹ̀kùn mi ò tì. Ọwọ́ òfo ni kó fi wá, ọwọ́ òfo náà ni kó fi lọ."

Lọ́jọ́ tó san èyí tó gbẹ̀yìn lórí gbèsè ilé ìtajà, ó wà nínú ìdajì ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ń bá ọkọ rẹ̀ di ẹ̀yìn fíríìjì kan mú. Fóònù dún. Ilé ìtajà náà ni.

"Ẹ kú oríire, màá! Torí pé ẹ sanwó dáadáa, a ti sọ àyè yín di ìlọ́po méjì. A máa fi káàdì tuntun ránṣẹ́ sí yín."

"Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ pa á dé."

"Màá? Àǹfààní ni o. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ lè ra ohunkóhun?"

"Mo mọ̀. Mo ti rà á rí."

"Ṣé ó dá yín lójú? Ṣé kí n fún yín láyè kí ẹ rò ó?"

"Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ níbẹ̀ pé mo ní kí ẹ pa á dé, kí o sì ka ohun tí o kọ sí mi létí."

Ẹni náà kà á. Oníbàtà na ọrùn lókè pákó láti gbọ́. Ọkọ gbé ẹ̀yìn fíríìjì sílẹ̀, ó fa àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Jókòó."

Ó ku gbèsè méjì. Wọ́n mọ ilé rẹ̀. Òun náà ti mọ ilé wọn báyìí, ó sì ń bọ̀.